Inú Rírun Tó Ju Inú Rírun Lọ: Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Bá Dé Ìfun Kékeré Mọ́

  

Ọ̀rọ̀ inú rírun ni a fẹ́ bá àwọn ìdílé wa sọ lónìí. Kì í ṣe inú rírun tó ń wá tó ń lọ, tí omi gbígbóná lè lé lọ. Èyí tí à ń sọ yìí lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ wákàtí díẹ̀ ni dókítà ní láti fi gba ẹni náà là. Àwa ará ilé ni a sábà máa ń fi wákàtí wọ̀nyẹn ṣòfò. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn aláìsàn wa. A kò mọ̀ ni.

Bí ó ṣe sábà máa ń lọ

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún un ní ọsibítù pé ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé. Wọ́n fún un ní oògùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó pa oògùn náà tì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó kírun Ìṣáì tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lójijì. Ó ń yí gbiri lórí ẹní. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀: ikùn náà rọ̀, kò wú, kò le. Àwọn ọmọ wo ara wọn lójú. Ọ̀kan ní, “Màmá, ṣé kì í ṣe ẹ̀wà tí ẹ jẹ lálẹ́ yìí ló ń dà yín láàmú?” Èkejì ní ọgbẹ́ inú ni, ulcer ni. Aládùúgbò ní kí wọ́n wádìí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún ìyá lọ́sàn-án. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n fún un ní oògùn apàrora, wọ́n ka rúkíyà sí i.

Nígbà tí òru jìn, igbe ìyá rọlẹ̀. Gbogbo ilé ní, “Alhamdulillah, ó ti ń rọ̀ ọ́.” Wọ́n bá lọ sùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jí i fún ìrun Àsùbáà, ikùn rẹ̀ ti wú, ó le bíi pákó, ara rẹ̀ tutù, òógùn bò ó, kò sì mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Kì í ṣe ìtàn ìyá kan pàtó ni a sọ yìí o. Ọ̀nà tí àìsàn náà ń gbà ni a gbé wọ inú ilé kan kí ó lè yé wa. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni wákàtí tí igbe rọlẹ̀ yẹn. Ara kò rọ ìyá náà rárá. Ìfun rẹ̀ ló ń kú, ohun tó bá sì ti kú kì í dunni mọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé inú ìfun

Ìfun kékeré ni ọ̀nà gígùn tí oúnjẹ ń gbà lẹ́yìn tó bá kúrò nínú àpò oúnjẹ. Lára àgbàlagbà, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 6. Ibẹ̀ ni ara ti ń fa agbára inú oúnjẹ mọ́ra. Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Bí a bá jókòó jẹ́ẹ́ pàápàá, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde tó ń lọ sọ́dọ̀ ìfun àti àwọn ẹ̀yà inú tó yí i ká. Bí a bá jẹun tán, ó tún máa ń pọ̀ sí i.

Ìmọ̀ nípa ìrìn ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ibn al-Nafis, oníṣègùn tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Cairo, tó sì jáde láyé ní 1288, kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láti apá ọ̀tún ọkàn kí ó tó dé apá òsì. Láti apá òsì yìí ni ọkàn ti ń tú ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ gba iwájú ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀ka mẹ́ta tó ń bọ́ àwọn ẹ̀yà inú sì yọ lára rẹ̀. Ẹ̀ka àárín ló ń bọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìfun kékeré. Ẹ fi wé páìpù tó gbé omi wọ inú ilé: bí nǹkan bá dí i, gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé ni yóò gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ń dènà ẹ̀jẹ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú èyí tó ń dé lójijì ni ẹ̀jẹ̀ dídì tó wá láti inú ọkàn. Bí ọkàn kò bá lù déédéé, ẹ̀jẹ̀ a máa dúró sójú kan nínú rẹ̀, a sì dì. Lọ́jọ́ kan, ègé kan lára rẹ̀ lè já, kí ó bá ẹ̀jẹ̀ rìn, kí ó sì lọ há sẹ́nu iṣan ìfun. Bí irú ègé yìí bá gba ọ̀nà ọpọlọ lọ, òun náà ló ń fa rọpárọsẹ̀.

Ìkejì ni ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á. Ọ̀nà a máa há díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré kan yóò fi dí èyí tó kù.

Ìkẹta ni kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kéré jù. Ẹni tó sọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nù, ẹni tí omi ara rẹ̀ tán pátápátá, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an lè bọ́ sínú èyí. Ìkẹrin ni kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan tó ń gbé e padà láti inú ìfun. Èyí kì í sábà le lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè fi ọjọ́ díẹ̀ ro ènìyàn, ó sì lè mú ẹni tí kò tíì dàgbà.

Ìkarùn-ún ni èyí tí ojú wa mọ̀ jù ní ilẹ̀ wa: kí ohun kan fún ìfun lọ́rùn láti ìta. Ìpá ló sábà ń ṣe é. Ìfun a yọ gba ihò ìpá, ihò náà a fún un pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè wọlé mọ́. Ìfun tó lọ́ mọ́ra bí okùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmì èyí tó ń dé lójijì

Àmì tó tóbi jù ni pé ìrora náà pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ rí lọ. Aláìsàn ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó rọ̀. Ẹ má ṣe tìtorí pé ikùn rọ̀ kí ẹ sọ pé ó ń ṣe àṣejù. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, àsìkò ṣì wà. Àwọn àmì yòókù ni èébì àti ìgbẹ́ tó ń wá wìrìwìrì ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá hàn nínú ìgbẹ́, bí ikùn bá wú tó sì le, bí ibà bá dé tàbí tí aláìsàn ń sọ ìsọkúsọ, ó ti ń pẹ́ nìyẹn.

Ẹ fura jù bí ẹni tí inú ń run bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tàbí bí ó bá ní àìsàn ọkàn, tàbí bí ó bá ti ní rọpárọsẹ̀ rí, tàbí bí ó bá ń mu sìgá. Ìfun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ rárá kò lè pẹ́: nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ti tó láti ba àwọn ibì kan nínú rẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe. Nínú àwọn tí a kò tètè mọ̀ pé òun ló ń ṣe wọ́n, àwọn tó ń kú pọ̀ ju àwọn tó ń yè lọ.

Èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́

Irú kejì kì í pariwo. Iṣan há, ṣùgbọ́n kò tíì dí. Bí inú bá ṣófo, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń wọlé tó o. Bí ó bá jẹun, ìfun béèrè sí i, kò sì rí i gbà. Nítorí náà, láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, inú a bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó sì lè tó wákàtí kan sí mẹ́ta kí ó tó lọ. Bí oúnjẹ bá ṣe pọ̀ tó ni ìrora ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun tó ń tẹ̀lé e ni ìbẹ̀rù oúnjẹ. Ebi ń pa á, ṣùgbọ́n ó ń sá fún àwo. Ó ń rù. Ìyàwó lè rò pé Bàbá kò fẹ́ ọbẹ̀ òun mọ́, àwọn ọmọ lè rò pé àárẹ̀ ogbó ni. Òmíràn ti lo oògùn ọgbẹ́ inú fún ọdún kan láìrí ìyàtọ̀. Bí àgbàlagbà bá ń rù, tí inú ń run ún lẹ́yìn oúnjẹ, tí oògùn ọgbẹ́ inú kò sì ràn án, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún dókítà. Irú èyí ṣe é tọ́jú kí ó tó di ti òjijì, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń padà jẹun dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìpá

Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń fi agbádá bo ìpá mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Ìpá tó ń wọlé bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ kò tíì fún ìfun. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, tó le, tó ń dunni, tí èébì tẹ̀lé e, tí ìgbẹ́ àti ìsó kò sì jáde, ọjọ́ náà ni kí ẹ dé ọsibítù, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ má ṣe fi tipátipá tì í wọlé, ẹ má sin gbẹ́rẹ́ sí i. Bí ìpá bá wà ní abẹ́ ikùn ọmọ ọwọ́, kí dókítà tètè rí i, nítorí ti ọmọ ọwọ́ máa ń yá láti fún ju ti àgbàlagbà lọ. Ìdodo tó yọ sóde lára ọmọdé yàtọ̀ sí èyí. Ó sábà máa ń wọlé fúnra rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà.

Iṣẹ́ abẹ ìpá tí a dá ọjọ́ sí kì í le. Ìgbà tí ìfun bá ti kú sínú rẹ̀ ni ó ń di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ohun tí ẹ óò ṣe

Ẹ wá ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sì lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ má dúró de ọkọ tó rin ìrìn-àjò. Ẹ pè é láti inú ọkọ̀. Bí kò bá sí dókítà obìnrin níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ti là á yé wa pé ní ipò ìnira, dókítà ọkùnrin lè tọ́jú obìnrin, kí ó wo ibi tí ìtọ́jú bá mọ. Ẹ̀mí ló ṣáájú.

Ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má fún un ní omi mu, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní oògùn tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́, ẹ má sì fa omi sí i nídìí. Ìfun tó ti ń kú lè bẹ́ nípasẹ̀ èyí. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, agogo báyìí ni inú rírun náà bẹ̀rẹ̀, òjijì ló dé. Wọ́n ti sọ fún Màmá tẹ́lẹ̀ pé ọkàn wọn kì í lù déédéé. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ìfun wọn?” Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n, ó sì jọ oríṣiríṣi àìsàn mìíràn, nítorí náà gbólóhùn kan láti ẹnu ọmọ lè rántí dókítà létí nígbà tí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ ka rúkíyà, ẹ ṣe àdúà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Ànọ́bì wa pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn. Wíwá ìwòsàn kò tako gbígbára lé Ọlọ́hun.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọsibítù

Àyẹ̀wò tó ń fi í hàn jù ni ti ẹ̀rọ CT, tí wọ́n fi oògùn sí iṣan kí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè hàn nínú àwòrán. Àwòrán X-ray lásán lè má fi nǹkan kan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọsibítù tí ẹ wà kò bá ní ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ má jiyàn, ẹ má sì yà sílé.

Wọn yóò fa omi sí i lára, wọn yóò fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣí ọ̀nà tó dí, yálà nípa iṣẹ́ abẹ tàbí nípa okùn tín-ínrín tí wọ́n kì bọ inú iṣan. Apá ìfun tó bá ti kú, wọn yóò gé e kúrò. Ó lè jẹ́ pé láàárín wákàtí 24 sí 48, wọ́n á ní àwọn tún fẹ́ ṣí ikùn rẹ̀ wò. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì rò pé wọ́n ṣe àṣìṣe. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá apá tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà láàyè ni. Kí àwọn ọmọ àti ẹbí múra láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nítorí wọ́n lè béèrè rẹ̀.

Ní ti irú tó ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n lè fi okùn tín-ínrín náà la ojú iṣan tó há, kí wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ tó dà bí àwọ̀n gbé e ró, tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ ṣe ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀.

Àwọn kan máa ń padà sílé pẹ̀lú àpò lára ikùn, níbi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde. Fún òmíràn, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ rò pé òun kò lè kírun mọ́. Ẹ̀sìn wa ní ìrọ̀rùn fún ẹni tí ohun kan ń jáde lára rẹ̀ tí kò lè dá a dúró. Kí ó bèèrè bí yóò ṣe máa ṣe àlùwàlá rẹ̀ lọ́wọ́ Ààfáà tó mọ ìwé. Kí ó máa da àpò náà nù déédéé, kí ó fi omi lásán fọ awọ tó yí i ká, kí ó nù ún gbẹ, kí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn. Kí ilé má ṣe yẹra fún un.

Ààwẹ̀ àti ìdáàbòbò

Ẹni tí iṣan ìfun rẹ̀ ti há, tàbí tó ń lo oògùn nítorí ọkàn tí kì í lù déédéé, kò gbọdọ̀ dá ìpinnu ààwẹ̀ ṣe. Kí ó rí dókítà kí Ramadan tó wọlé. Súrátul Bákárà ti gba aláìsàn láyè láti ṣínu kí ó sì san án padà lọ́jọ́ mìíràn; ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó lè gbààwẹ̀ mọ́ yóò máa bọ́ tálákà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré wò ó. Bí dókítà bá ní ó lè gbà á, kí ó fi díẹ̀díẹ̀ jẹun nígbà ìṣínu, kí ó mu omi dáadáa kí ó tó di àsìkò sààrì, kí ó má sì fo oògùn rẹ̀. Kí dókítà tún àsìkò lílò rẹ̀ tò fún un.

Ní ti gbogbo wa, ẹ jáwọ́ nínú sìgá àti tábà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín wò. Bí ara bá yá, ẹ má tìtorí ìyẹn pa oògùn ọkàn tì; òun ló mú kí ara yá. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú àgbàlagbà, ẹ tètè fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà kí omi ara rẹ̀ má bàa tán.

Ẹ bá wa ka ìwé yìí sókè nínú ilé, kí àwọn ọmọ gbọ́, nítorí àwọn ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí inú bá ń run Màmá tàbí Bàbá lójijì, tí ìrora náà ju ohun tí ọwọ́ yín rí lọ, ẹ gbé wọn lọ. Bí ó bá sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lójijì, ẹ ṣì gbé wọn lọ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn òbí wa ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú àlááfíà, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì fún wa ní làákàyè láti dìde lásìkò. Àmín.